Èéfín Búlúù fún Pẹ́ntà

Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kejì

Ọkọ mi, ọmọ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ ò tíì gbé ọ mì? Àwa wà níbí, a ń dúpẹ́. Eékún mi nìkan ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́.

Kí o tó ka ìwé yìí, kọ́kọ́ wò ó dáadáa ná. Wo bí àwọn lẹ́tà inú rẹ̀ ṣe dúró. Èmi ni mo kọ ọ́. Kì í ṣe ọmọ ará ilé kejì, kì í ṣe àbúrò bàbá rẹ. Èmi ìyá àgbà rẹ ni mo jókòó sídìí tábìlì, tí mo di bíírò mú bí ẹni di ejò lọ́rùn mú, tí mo kọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Olùkọ́ wa, ọmọbìnrin kan tí mo lè bí ìyá rẹ̀, sọ pé nínú gbogbo kíláàsì àgbàlagbà, èmi ni ìlà mi tọ́ jù. Tẹ́lọ̀ tó ń jókòó lẹ́yìn mi ò gbà. Ó ní, "Báwo ni kò ṣe ní tọ́, nígbà tí Màmá ń fi imú rìn lórí ìwé?" Mo ní, "Ìwọ tí o ti ń fi téèpù wọn aṣọ láti kékeré, kí ló dé tí ìlà tìrẹ wọ́ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́?" Ó yára fi ọwọ́ bo ìwé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kejì kò panilẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ ni àbúrò rẹ̀ kò ti dárúkọ rẹ mọ́. "Ọmọ yẹn" ló ń pè ọ́ báyìí. Ó ní ọmọ tí kò wá da yẹ̀pẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lórí, yàrá kí ló tún ní nílé yìí? Mo ṣàlàyé fún un pé ìwé ìgbélùú rẹ kò tíì jáde nígbà náà, pé bí o bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí o wọlé padà. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ ló ń fá pákó lọ. O mọ bí káfíńtà ṣe máa ń ṣe bí kò bá fẹ́ gbọ́ nǹkan. Ó wá ní bí ọdún bá yípo, tí a bá fẹ́ ṣe ìrántí ẹ̀gbọ́n òun, tí o kò bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì náà, òun yóò fi yàrá rẹ háyà. Ọmọ ọmọ mi, kì í ṣe ẹnu lásán.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ti èéfín. Ọmọ ará ilé kejì fi fóònù hàn mí, mo rí ìyàwó tuntun kan láàárín èéfín tó pọ́n fòò, mo sì rí ìwọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o wọ awò tó bo ojú dé imú. Mo figbe ta. Mo rò pé ilé ń jó ni. Wọ́n ní rárá, iṣẹ́ rẹ nìyẹn, pé ìwọ lo ń fi ọwọ́ ara rẹ ṣe èéfín náà nínú ilé. Ta ló ń fi èéfín ṣiṣẹ́? Èéfín tí gbogbo ayé ń sá fún! A kì í fi iná sórí òrùlé kí a lọ sùn. Ṣàlàyé rẹ̀ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n lè rí oorun sùn.

Èmi ni, Ìyá Àgbà rẹ, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹta

Ìyá Àgbà mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú àfaradà eékún. Mo ka lẹ́tà yín nínú yàrá, mo tún kà á nínú bọ́ọ̀sì títí mo fi kọjá ibi tí ó yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀. Ẹni tó jókòó tì mí bi mí pé ṣé kò sí o. Mo ní ìyá àgbà mi ló kọ̀wé.

Mo ṣì wà ní ibi ìfọṣọ òtẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀rọ tó ń lọ aṣọ ibùsùn ni wọ́n fi mí sí. Aṣọ funfun ń wọlé láti ìhín, ó ń jáde láti ọ̀hún, títí ojú á fi máa rí funfun kódà bí mo bá dijú. Bóyá ìdí tí àwọ̀ fi ń wù mí nìyẹn. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń bá Oní-fọ́tò lọ. Obìnrin ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ibùdókọ̀ rélùwéè, ìyàwó tuntun ló máa ń yà jù. Èéfín tó ń rà kì í ní àwọ̀ tó fẹ́. Mo ní kó jẹ́ kí n gbìyànjú. Ṣé ẹ rántí bí bàbá mi ṣe máa ń po ọ̀dà, tí á máa fi igi rò ó, tí á máa wò ó bí ẹni ń wo ojú àìsàn? Èmi náà ń rò ó báyẹn.

Ìyẹ̀fun funfun kan àti ṣúgà ni, lórí sítóófù mànàmáná tí iná rẹ̀ kéré gan-an. Mi ò ní kọ orúkọ ìyẹ̀fun náà, kí ọmọ ará ilé kejì má baà rí i kà kó lọ dán an wò lẹ́yìnkùlé. Bó bá ti ki, mo máa ń da àtíkè àwọ̀ sí i, mo ń dì í sínú páálí tí mo ká, mo sì ń ki òwú bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ẹ má bẹ̀rù. Díẹ̀ díẹ̀ ni mò ń ṣe é. Iná tó ń jó, tí ojú ń rí, kì í sún mọ́ ọn. Mo ń wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, mo ń wọ awò tí ẹ rí yẹn, aṣọ òwú ni mo ń wọ̀, nítorí náílọ́ọ̀nù máa ń yọ́ lé èèyàn lára. Korobá omi ò jìnnà sí mi. Ìta gbangba la ti ń tàn án, ilẹ̀ là ń gbé e lé, kì í ṣe ọwọ́, a sì ń jẹ́ kí atẹ́gùn wà lẹ́yìn wa kí a má baà fà á símú. Èyí tó ga jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé èyí tó bá kọ̀ tí kò gbaná, a kì í padà lọ bá a. A ó fi í sílẹ̀ títí yóò fi pẹ́ dáadáa, a ó wá da omi lé e láti òkèèrè. Ẹni tí iná irú rẹ̀ bá jó, ìgbà tó padà lọ wò ó ni.

Ìwé ìgbélùú mi ti jáde. Ẹ bá mi sọ fún Bàbá Kékeré pé n óò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì náà ní oṣù kẹwàá.

Ọmọ ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹrin

Ọkọ mi, ọlọ́wọ́ iṣẹ́,

Mo ka lẹ́tà rẹ sókè ní kíláàsì. Olùkọ́ ní kí gbogbo wọn pàtẹ́wọ́ fún mi. Tẹ́lọ̀ ní òun kò gbọ́ ibi tí ewu ti parí nínú ọ̀rọ̀ náà. Mo ní kó lọ rán aṣọ.

Ṣùgbọ́n lábẹ́ ahọ́n, èmi náà kò gbọ́ ọ. Sítóófù tí o fi ń rò ó, ṣé òun kọ́ lo fi ń se oúnjẹ? Yàrá tí o ti ń rò ó, ṣé òun kọ́ lo ń sùn sí? Bí ọmọdé bá ń gé igi, àgbà ló ń mọ ibi tó máa wó sí. Gbé e jáde kúrò nínú ilé. Gbé e jáde, mo ní! Má sọ fún mi pé ibẹ̀ há.

Mo sọ fún àbúrò bàbá rẹ pé o ń bọ̀. Ó rọra ń fá pákó ọjọ́ náà. Èmi tí mo bí i mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Mo ronú lórí iṣẹ́ rẹ. Bàbá rẹ kun ògiri, ìwọ ń kun afẹ́fẹ́. Ògiri tirẹ̀ ṣì wà lójú títì, ẹnikẹ́ni lè lọ fọwọ́ kàn án. Tìrẹ ti lọ kí a tó sọ pé ó dára. Síbẹ̀, ọmọ pẹ́ntà ni ọ́, n kò lè bá ẹ̀jẹ̀ jà. Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ kan. Ní ọjọ́ ìrántí, ṣe èéfín búlúù fún bàbá rẹ. Kó gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì rẹ̀, kí gbogbo àdúgbò rí i, kí àbúrò rẹ̀ rí i, kó mọ̀ pé ìwọ náà ní ohun tí o fi ń bọlá fún òkú.

Kì í ṣe búlúù èyíkéyìí o. Búlúù iwájú ilé wa ni, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kùn kẹ́yìn. O rántí ohun tó máa ń sọ fún àwọn oníbàárà: "Ó jọ ọ́ kì í ṣe òun." Mo ti fi ọ̀bẹ ha díẹ̀ lára ògiri, mo fi bébà wé e sínú àpò lẹ́tà yìí. Rọra tú u, kó má fò lọ.

Ìyá Àgbà rẹ.


Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù karùn-ún

Ìyá Àgbà mi,

Mo rọra tú bébà náà. Kò ju èékánná lọ, ṣùgbọ́n gbogbo iwájú ilé ló wà nínú rẹ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì fèrèsé, kí n lè máa rí i nínú ìmọ́lẹ̀.

Mo ti gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Mo ti gbé gbogbo ẹ̀ jáde lọ sí ahéré tí àwọn ará ilé ń kó kẹ̀kẹ́ sí lẹ́yìnkùlé. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé irú nǹkan yìí wọ ọkọ̀ òfuurufú, òótọ́ ni wọ́n sì sọ, iná ni. Níbí ni n óò ti tàn án. Oní-fọ́tò yóò yà á, a ó fọ̀ ọ́ ní títóbi, n óò sì gbé àwòrán rẹ̀ wá sílé. Ṣé ìyẹn tẹ́ yín lọ́rùn?

Búlúù le, Ìyá Àgbà. Pupa ò le, yẹ́lò ò le. Bí ooru bá fi díẹ̀ pọ̀ jù báyìí, búlúù á kú, èéfín á wá rí bí eérú. Èyí àkọ́kọ́ rí bí eérú. Èkejì pọ́n bí àlùbọ́sà. Òmíràn jáde, Oní-fọ́tò pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ó ti tó, ta ló máa mọ ìyàtọ̀?" Mo ní bàbá mi á mọ̀. Ó wò mí. Òun náà mọ̀ pé ó ti kú.

Ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ti fi kún iṣẹ́ wa. Oorun ń kùn mí. Ṣùgbọ́n n óò rí i ṣe.

Ọmọ ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù keje

Ọkọ mi,

Ṣé o wà? Ìwé kúkúrú ni mo fẹ́ kọ, nítorí inú mi ò lélẹ̀.

Bábà kan wá wo yàrá rẹ lánàá. Ó ní ibẹ̀ dára fún àga àti dígí. Àbúrò bàbá rẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Mo lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ní àfi kó gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí mi. Bábà náà ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ẹ dìde, mi ò tíì kó wọlé." Àbúrò bàbá rẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún un pé, "Fi yàrá náà sílẹ̀ ná. Oṣù kẹwàá ò jìnnà."

Báwo ni ti búlúù náà? Ṣé ó ti jáde? Gbogbo kíláàsì ló ń bi mí. Mo ti sọ fún wọn. Mo ti sọ fún ẹni tó ń tún bàtà ṣe níwájú ilé wa. Má dójú tì mí o, ọkọ mi. Tètè ṣe é, kí o sì kọ̀wé.

Ìyá Àgbà rẹ.


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹjọ

Ìyá Àgbà mi,

Ẹ kú ilé. Ara mi le.

Mi ò ní lè wá ní oṣù kẹwàá mọ́. Ẹ má bínú. Iṣẹ́ ló dí mi lọ́wọ́.

Búlúù náà jáde. Òun gan-an ni. A ò rí fọ́tò rẹ̀ yà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ Bàbá Kékeré nítorí yàrá.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án

Ìwọ ọmọ yìí,

N kò ní kí ọ. Ẹni tí kò kíni, kí la fẹ́ fi kí i?

Mo gbé lẹ́tà rẹ lọ sí kíláàsì láìtíì tú u, nítorí ìgbéraga. Mo ní kí gbogbo wọn wá gbọ́ bí akọ̀wé ṣe ń kọ̀wé. Mo tú u. Ọmọ tó jẹ́ pé bó bá kọ̀wé tẹ́lẹ̀, bí ìwé ìròyìn ló máa ń rí! Kí ni mo rí? Lẹ́tà gbàgbà, wọ́n ń subú lé ara wọn lórí. Ìlà tó ń gun òkè, tó ń sọ̀ kalẹ̀. "B" kẹ̀yìn sí ibi tó yẹ kó kọjú sí. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń kọ ọ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀! Tẹ́lọ̀ na ọrùn, ó wò ó, ó ní, "Àbí Màmá ló kọ eléyìí síra rẹ̀?" Kíláàsì ru gùdù. Olùkọ́ ní kí wọ́n dákẹ́, òun náà sì bo ẹnu.

O fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Mo jókòó sídìí tábìlì láti ọjọ́ tí ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, kí n lè kọ̀wé sí ọ láìsí pé ẹlòmíràn gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà láàárín wa. Ìwọ wá jókòó níbẹ̀, o ń sín mi jẹ. Ìyẹn ni ọmọ tí mo wẹ̀, tí mo fi ẹ̀yìn pọ̀n nígbà tí ìyá rẹ̀ kò sí?

O tún ní búlúù jáde, kò sì sí fọ́tò. Irú irọ́ wo nìyẹn? Oní-fọ́tò dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ fọ́tò lọ́rùn, nǹkan tí ẹ ti ń wá láti ìgbà yìí jáde, kò sì yà á? O ní iṣẹ́ dí ọ lọ́wọ́. Bàbá rẹ kò ní iṣẹ́ mìíràn níwájú mọ́, ó lè dúró dè ọ́.

Àbúrò bàbá rẹ ka lẹ́tà náà, ó dá a padà fún mi. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ti kó aṣọ rẹ àti ìwé rẹ sínú páálí. Bábà ti gbé àga rẹ̀ wọlé.

Má kọ̀wé sí mi mọ́ títí orí rẹ yóò fi pé.

Ìyá àgbà rẹ ni mí síbẹ̀, kì í ṣe nípa ìfẹ́ rẹ.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kọkànlá

Ìyá Àgbà mi,

Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tán.

Mi ò fi yín ṣẹlẹ́yà. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ lẹ́tà yẹn. Òun náà ni mo fi ń kọ èyí. Ẹ foríjì mí pé ọwọ́ òsì ni mo nà sí àgbà. Ọ̀tún ti jóná.

Mo ti ro búlúù náà tì. Nígbà tó yá, ó ku ẹyọ kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé òun ni, mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná ọ̀dà tí ẹ fi ránṣẹ́, ojú mi ò mọ ìyàtọ̀. Àwọn ìyókù ni mo ti bàjẹ́, àtíkè sì ti tán. Èmi àti Oní-fọ́tò gbé e lọ sí pápá. Mo wá láti ibi iṣẹ́ ni, mi ò tíì sùn. Mo tàn án, mo sún sẹ́yìn. Kò gbaná. A dúró. Oní-fọ́tò ní, "Fi í sílẹ̀, jẹ́ ká máa lọ." Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ mi wá gbé mi lọ síbẹ̀. Mo ti bọ́ ìbọ̀wọ́ kí n lè rí òwú náà tún dì. Mo gbé e. Kì í ṣe pé ó kọ iná, ó ń jó nínú ni.

Òfin tí èmi fúnra mi kọ sí yín ni.

Ó sì jáde, Ìyá Àgbà. Kò jọ ọ́, òun ni. Ó jáde láàárín ìka mi, ó gòkè, ó bo ojú mi. Mo rí i kí n tó gbọ́ ìrora. Iwájú ilé wa ni mo rí. Oní-fọ́tò ò yà á, torí ó ti ju ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń sáré bọ̀ pẹ̀lú omi. Kò sí fọ́tò. Òótọ́ ni mo sọ.

Wọ́n gé ìka mẹ́ta. Méjì tó kù ò ṣẹ́ po. Ojú mi kò ní nǹkan kan, awò gbà mí. Ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ti fi ẹlòmíràn sídìí ẹ̀rọ mi. Onílé lé mi nítorí ahéré, ó ní mo lè jó gbogbo ilé mọ́ àwọn ọmọ èèyàn lórí. Orí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù Oní-fọ́tò ni mò ń sùn. Mò ń bá a dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n kọ́ òun ní èéfín, mo máa ń ní kó lọ ra ti ṣọ́ọ̀bù, kó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára, kó sì gbé e jìnnà sí ara.

Mi ò sọ fún yín torí mo rò pé bí etí ò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe búlúù, ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n padà lọ bá a.

Mi ò lè wá sílé. Ọmọ tí kò sin bàbá rẹ̀, tí kò wá ṣe ìrántí rẹ̀, tó wá padà dé láìní iṣẹ́, láìní ìka. Kí ni n óò wí fún Bàbá Kékeré? Ẹ jẹ́ kí bábà máa lo yàrá.

Ọmọ ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejìlá

Ọkọ mi, ọmọ ọmọ mi, ọmọ pẹ́ntà,

Ẹ kú ìrora. Mo pè ọ́ ní "ẹ", mi ò ṣì í kọ. Ẹni tó bá ti dá nìkan gbé irú ẹrù yìí ti kúrò ní ọmọdé.

Mi ò gbé lẹ́tà rẹ lọ sí kíláàsì. Mo tilẹ̀kùn, mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo kà á díẹ̀ díẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Nígbà tí mo dé "ìka mẹ́ta", mo rò pé mo ṣì í kà. Mo padà sẹ́yìn, mo tún un kà, ó ṣì wà níbẹ̀. Èmi tí mo ń yangàn pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka lẹ́tà fún mi mọ́, mo wojú ọ̀tún, mo wojú òsì, mo ń wá ẹni tí yóò bá mi ka ti eléyìí. N kò rí ẹnì kankan. Mo kà á tán.

Òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Tèmi ba ẹyẹ. Ní ọjọ́ ìrántí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, ẹni tó ń tún bàtà ṣe bi mí pé èéfín dà. Mo ní ọmọ náà ya aláìgbọràn. Ẹnu yìí ni mo fi sọ ọ́, bàbá rẹ wà nísàlẹ̀ ibẹ̀. O ní kí n má dá ara mi lẹ́bi. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti fi ọ̀bẹ ha ògiri yẹn ni ojú mi ń kọ́kọ́ bọ́ sí bí mo bá jáde láàárọ̀, kò sì sí ẹni tó lè gba ìyẹn kúrò lójú mi.

Òwe kan wá sí mi lẹ́nu bí mo ti ń kọ èyí, òwe ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. O mọ̀ ọ́n. Mo gbé e mì.

Ti pé o pa á mọ́ fún mi, èmi yóò bá ọ wí, àgbà ni mí síbẹ̀. O ní kí inú mi má baà bàjẹ́. Inú mi bàjẹ́ náà, ọkọ mi, ibi tí kò yẹ kó bàjẹ́ sí ló bàjẹ́ sí. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé. Ìwọ wá di apá mọ́yà nínú ìrora, o ní kí n máa rò pé ẹ̀fẹ̀ lo ń ṣe.

Mo lọ bá àbúrò bàbá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo kà á sí i létí. Kò fá pákó. Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé, "Ọ̀tún ni?"

Mo ní, "Ọ̀tún ni."

"Èyí tó fi ń kọ̀wé?"

Mo ní, "Èyí tó fi ń kọ̀wé."

Ó bọ́ síta. N kò mọ ibi tó lọ. Ó padà dé, kò jẹun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbọ́ ariwo lójú títì. Ó ti gbé àga bábà jáde, ó ti gbé dígí tẹ̀lé e. Bábà ń pariwo, "Bàbá, ṣebí a ti jọ sọ̀rọ̀!" Ó ní, "A ti sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ti yí padà." Ó bá a ru àga náà dé ìdí igi tó wà níkorítá, ó kan pátákó kékeré sí i lórí fún un kí oòrùn má baà pa á, ó padà wálé.

O bi mí pé kí ni wàá wí fún un. N kò mọ̀. Òun náà kò mọ ohun tí yóò wí fún ọ, mo rí i lójú rẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì lè jókòó kí ẹ má sọ nǹkan kan. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, tìrẹ kò sì dùn. Má mú nǹkan kan bọ̀. Bí wọ́n bá ní kí o dúró gba ìtọ́jú ọwọ́ náà tán, dúró, kí o sì kọ ọ́ sí mi bó ṣe ń dùn ọ́. Má fi ọ̀kankan pa mọ́. Bí wọ́n bá tú ọ sílẹ̀, máa bọ̀.

Ní ọ̀sán àná, mo gbọ́ òòlù nínú yàrá rẹ. Mo lọ wò. Ó ti tú ilẹ̀kùn náà kúrò lára férémù, ó gbé e dùbúlẹ̀. Ó ti fi igi dí ihò ibi tí ọwọ́ ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀, ó fá a títí ibẹ̀ fi dán. Ó wá lu ihò tuntun sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ń kan àgbékọ́ ilẹ̀kùn náà sí ẹ̀gbẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó gbé ilẹ̀kùn náà dúró padà, ó tì í, ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sápò, ó sì fi òsì ṣí i. Ó tì í, ó tún ṣí i. Lẹ́yìn náà ló sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí èmi náà wá dán an wò.

Ìyá Àgbà rẹ.